Ìwádìí Àwẹ̀ró

"Ẹ pa á rẹ́! Màmá, mo ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́! Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ síta pé mò ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí?"

Ọkọ̀ mi ló ń jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo lá àlá kan lóru àná, inú ariwo yẹn ni àlá ọ̀hún ti bá mi, kò sì yà mí lẹ́nu rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, bí ọkọ̀ yín bá fohùn, ẹ máa sá ni. Èmi dá a lóhùn.

"Ṣé irọ́ ni? Ọ́ìlì tí mo rà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ibo ló wà?"

"Mo ti mu ún. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló ń kọ àbùkù ọmọ ẹ̀ sára pátákó?"

Ẹ ṣáà mọ Àwẹ̀ró. Ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀, tí iná iwájú ẹ̀ méjèèjì máa ń yọ sókè bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń tún un ṣe fúnra mi, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Láyé ijọ́sí, bí èmi àti ẹ̀ bá ń gun ìdagẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, àwọn ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ńlá ṣe fáàrí á máa jẹ eruku wa lẹ́yìn. Ní báyìí ó ti gbó, wọn ò sì ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀ mọ́ níbì kankan. Bàbá Tádé, ọkọ mi, wá là á mọ́lẹ̀: bí n ò bá rí ẹni tó máa rà á títí Sátidé, òun á pe àwọn oníkóńdẹ́mù kí wọ́n wá kó o lọ tà ní kílò, torí ibi tó dúró sí lòun fẹ́ gbẹ́ kànga sí. Mo gbà. Mo rò pé ẹni tó bá mọyì ọkọ̀ á wá. Èèyàn mẹ́sàn-án wá, wọ́n ka àbùkù tí mo kọ sí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀, wọ́n yí padà. Bàbá Tádé ní kí n ṣáà yọ ti bíréèkì kúrò níbẹ̀. Èmi? N ò ní ta pósí fún èèyàn kí n pè é ní bẹ́ẹ̀dì.

Sátidé ọ̀hún ló mọ́ lónìí yìí.

Nínú àlá náà, bébà ọ̀hún ti di pátákó; bí mo ṣe kọ àbùkù kẹtàlá tán, pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ó fẹ̀ títí ó fi di ilẹ̀ ọ́fíìsì, ó gbé èmi àti Àwẹ̀ró, ó ń léfòó lójú ọ̀run Iléṣà. Fáànù wà níbẹ̀. Fáànù ò yí o, ọ́fíìsì ló ń yí lábẹ́ ẹ̀. Akọ̀wé mẹ́ta jókòó, gbogbo wọn de táì.

Ọ̀gá wọn ní, "Ìyá ìyàwó dà?"

Mo ní èmi rèé.

"A kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ níbí láìṣe ìwádìí. Bí wọ́n ṣe ń wádìí ilé tí wọ́n ti fẹ́ fẹ́yàwó náà ni. Ẹ gbọ́, ǹjẹ́ wèrè wà nílé yín?"

Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ èmi náà, àwọn àna mi wádìí wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata fún wa.

"Ó wà," mo ní. "Bíréèkì ni. Bó bá ti gbóná, kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, á ṣáà máa lọ ni."

"Wárápá ńkọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó mọ ẹni tó jókòó sínú ẹ̀."

"Olè?"

"Táǹkì epo. Ẹ rọ ọ́ kún lálẹ́, kẹ́ ẹ wá wò ó láàárọ̀."

"Àrùn abẹ́ aṣọ?"

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ lè jókòó sórí àga kẹ́ ẹ máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ka òkúta títì."

Mo wo Àwẹ̀ró. Ó ti pa ojú ẹ̀ méjèèjì dé, ó ń sunkún. Ọ́ìlì ni omi ojú ẹ̀.

Ọ̀gá kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé. Bó ṣe fi àmì sí òpin ẹ̀ báyìí, ìwo hù lórí ẹ̀. Àwọn méjì yòókù náà di ewúrẹ́, táì ò kúrò lọ́rùn wọn. Mo kí wọn, mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n jẹ ìwé náà. Wọ́n jẹ tábìlì. Nígbà tí wọ́n jẹ ilẹ̀ tá a dúró lé, a já bọ́, a sì bá ara wa lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí títì ti fẹ́ dorí kodò.

Tísà Olújìnmí ti ń dúró dè wá níbẹ̀, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu dígí Àwẹ̀ró, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ìyàwó ẹ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ lé itan.

"Ìyá Tádé," Tísà ní, "ó tó ogún ọdún tí mo ti ń fojú wá ọkọ̀ yìí. Òjò kan ò ní pa á mọ́. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé bíréèkì ẹ̀ ń mú. Gbólóhùn kan péré."

"Tísà, ṣé ìwádìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Ìwádìí wà níkùn ewúrẹ́. Ta ló máa bi yín?"

Àwẹ̀ró rọra pè mí. "Màmá, ẹ bá mi purọ́. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ lára mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n má kú."

Ahọ́n mi tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, tó ti bú ọlọ́pàá, tó ti bú lọ́yà nínú kóòtù, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu mi, ó sá wọ abẹ́ táyà. Ó ní òun ò bá mi dá sí ti èyí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á jáde, mo gbọn iyanrìn ara ẹ̀ dànù, mo dá a padà síbi tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Tísà, kò mú. Ẹ sọ ìyàwó yín kalẹ̀."

Tísà ò bínú. Ó ká ara ẹ̀ ní méjì, ó tún un ká ní mẹ́rin, bí àwòrán ilẹ̀ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Ìyàwó ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kúlà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin olóòótọ́ yìí," ó ní, "ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kínú ọkọ mi dùn dé ìsàlẹ̀ òkè."

Ó ku èmi àti Àwẹ̀ró. Ó la ojú ẹ̀ méjèèjì, ó tan iná sí mi lára. Kò bú mi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá," ó ní.

Mo la ẹnu kí n bẹ̀ ẹ́, mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Tádé níta, ó ń bá ẹnì kan ṣọ̀rọ̀ kílò. Mo jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn. Ewúrẹ́ ará ilé kejì gbé ẹsẹ̀ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì Àwẹ̀ró, ó ń jẹ bébà tí mo lẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé orí bíréèkì. Ọkùnrin oníkóńdẹ́mù lé e kúrò.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá ní nǹkan nínú ẹ̀, ẹ kó o o."

Mo ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ mọ́ iná ọ̀tún.