Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ààjà

"Ìjì tó máa sáré ju èmi Àkànó lọ, ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀!"

Bí Àkànó ṣe máa ń fọ́nnu nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nílùú Ìlọ́bù, tójú ọ̀run bá ti ń ṣú dẹ̀dẹ̀. Bí ọmọ aráyé bá ń sá wọlé nítorí ìjì, tirẹ̀ ni kó gun ọ̀kadà, kó gbé Pẹ̀lúmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn tòun ti fóònù, kí wọ́n máa lé ìjì lọ, kí wọ́n máa ya fídíò rẹ̀ sórí Fesibúùkù. Èèyàn ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹni kan ṣoṣo tí Àkànó sì fẹ́ kó wò ó ni kì í wò ó: Àlàájì Abdulsalam, oníṣòwò páànù ní Ìfọ́n, bàbá Husnah.

Husnah ni Àkànó fẹ́ fi ṣaya. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Àlàájì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọn ò ní kó dìde. Òfin ilé Àlàájì nìyẹn: ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ a na gbalaja sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbérí àfi tí ẹni iwájú rẹ̀ bá wí pé, "Dìde, a ti gbà ọ́." Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, Àkànó wà nílẹ̀ títí Àlàájì fi jẹun, tó kírun, tó sùn lọ sórí àga, tó ń han-run. Àyà ló fi wọ́ jáde bí ejò.

"Mi ò lè fọmọ fún ẹni tó ń lé afẹ́fẹ́ kiri," Àlàájì wí. "Ààjà wo? Eruku lásán! Páànù témi bá fọwọ́ ara mi kàn, kò sí ìjì tó lè ṣí i. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lò ń ṣe, mú ìjì ọ̀hún wá kí n fojú rí i."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ààjà gbéra lóko ẹ̀yìn Ìlọ́bù. Ó dúró ṣánṣán, ó ń pòyì, ó ń kó ewé àti ọ̀rá omi mọ́ra, ó ga ju ọ̀pẹ lọ.

"Ọ̀nà ìlú Ẹ̀rìn ló ń lọ!" Àkànó ta ọ̀kadà nípàá. "Mo mọ ìrìn rẹ̀ bí ìrìn ìyá mi. Pẹ̀lúmi, máa yà á! Òní ni Àlàájì máa rí iṣẹ́ mi!"

"Ó ti ń lọ tààrà sórí Fesibúùkù. Wọ́n ti ń kí wa!"

Wọ́n lé e dé etí odò. Ààjà dúró. Àkànó náà dúró. Ààjà mì díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì yíjú padà.

"Àkànó," Pẹ̀lúmi wí jẹ́jẹ́, "ta ló ń lé ta báyìí?"

Àkànó ti yí ọ̀kadà padà. Ó ti ń sá. Ó yà sọ́tùn-ún, ààjà yà sọ́tùn-ún. Ó yà sósì, ààjà yà sósì, àfi bíi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi rán an. Fìlà fò lọ, ó padà wá gbá a létí, ó tún lọ. Ìgbà tó máa mọ ibi tó wà, ọ̀nà Ìfọ́n ni. Ìgbà tó sì máa rí búrééki tẹ̀, àgbàlá Àlàájì ni.

Àlàájì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. "Kí ni ìwọ tún ń—"

Ìjì wọlé. Páànù orí balùwẹ̀, tí Àlàájì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ṣí wàà, ó dágbére fún àdúgbò. Pẹ̀lúmi dì mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àkànó na gbalaja. Àlàájì náà na gbalaja. Orí kan orí.

Ààjà kọjá. Òjò dé. Kò sẹ́ni tó mira nínú àwọn méjèèjì.

Àdìsá, aládùúgbò wọn, yọrí lójú fèrèsé. "Háà! Ẹ wá woran! Àlàájì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ Ìlọ́bù!"

"Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni!" Àlàájì ké látinú ẹrọ̀fọ̀. "Ilẹ̀ ni mò ń wò!"

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni mo rí!"

"Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na gbalaja nínú ilé yìí kì í dìde, àfi kí ẹni iwájú rẹ̀ gbà á. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin!"

Àlàájì wo Àkànó. Àkànó wo Àlàájì. Òjò ń lu wọ́n lẹ́yìn. Àánú bàbá àgbàlagbà ṣe Àkànó, ó tu ẹrọ̀fọ̀ dànù lẹ́nu.

"Àlàájì, òjò ń pa yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì—"

Ìbẹ̀rù tó mú Àlàájì lọ́tẹ̀ yìí, ìjì ò fún un nírú rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, òun ló gba Àlàájì nìyẹn, lójú gbogbo Fesibúùkù!

"Dìde!" ó figbe ta. "A ti gbà ọ́! Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́! Gbogbo yín gbọ́, èmi ni!"

Àkànó fò dìde, ó ń jó. Pẹ̀lúmi jábọ́ látorí máńgòrò, ó ń pariwo àna, àna. Àlàájì gbéra, ó tún agbádá ẹlẹ́rọ̀fọ̀ ṣe léjìká.

"Mo ti gbà á lọ́kàn mi tipẹ́," ó wí.

"Èmi náà ti mọ̀ pé ibí ni ìjì ń bọ̀," Àkànó wí.

Husnah jáde láti ilé ìdáná, ó wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ẹ lọ wẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ sí yẹn, ibẹ̀ làwọn ewúrẹ́ ń tọ̀ sí."