Ìbẹ́pẹ Tó Ti Gbó

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjì wó igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Kotobabi. Bàbá ló gbìn ín, lọ́dún tí mo kúrò ní ilé ìwé ọ̀sán tí mo lọ ń kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe ní ọjà Circle. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alẹ́, èso rẹ̀ ni mo fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá ti kú báyìí.

Màmá ò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já èso mẹ́rin tó wà lórí igi náà, ó fi èékánná ha ara wọn. Oje èyí tó kéré jù funfun, ó ki bíi wàrà. Ti mẹ́ta yòókù ṣàn bí omi, ìdí wọn sì ti ń pupa díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká là wọ́n, ká gbin kóró wọn."

"Kóró tó ṣì funfun? Ṣé ó máa hù ni? Ká fi ìwé ìròyìn wé wọn, ká tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, kí ọ̀kan má gun èkejì. Bí wọ́n bá pọ́n, kóró wọn á dúdú. Igi bàbá rẹ ò ní parun."

Ṣùgbọ́n ó ń kánjú lọ sí ọjà Odawna, níbi tó ti ń ta aṣọ òkìrìkà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti pe Afua, ìyàwó mi.

"Afua, mẹ́ta yìí ti gbó. Bá mi kó wọn kúrò níbẹ̀. Kékeré yìí ò gbó, fi se ọbẹ̀."

Ọmọ Akan ni Afua. Nídìí aṣọ Màmá ló ti kọ́ Yorùbá. Níbẹ̀, bí Màmá bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè tó ní "èyí ti gbó", àkísà ni, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, Màmá dúró láàárín yàrá, ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Afua, ìbẹ́pẹ dà?"

"Màmá, ẹ ní wọ́n ti gbó. Mo kó wọn fún Habiba, kó fún àgbò rẹ̀ jẹ."

Màmá jókòó wọlẹ̀. "Afua! Aṣọ tó gbó là ń jù nù. Èso tó gbó, ó dàgbà ni!"

"Ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni?"

A sáré lọ sílé Habiba, aládùúgbò wa tó ń ta àgbàdo. Àgbò rẹ̀ ń jẹ nǹkan lọ́wọ́, èèpo ìbẹ́pẹ lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Màmá di apá mi mú.

Habiba jáde. Alátà ni àwọn ará ìlú yìí ń pe àwa Yorùbá. "Ìyá Alátà! Ẹ ti wá lówó tó báyìí? Irú ìbẹ́pẹ yìí lẹ fi ń bọ́ ẹran? Mo fún un ní ọ̀kan, ojú tì mí. Mo ri ìyókù mọ́nú àgbàdo, kí wọ́n lè pọ́n fún èmi."

Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò àgbàdo, ó fa méjì jáde. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò náà.

"Afua, èmi náà ti gbó o. Ṣé wàá kó mi fún àgbò?"

"Ẹ ò tíì gbó rárá, Màmá. Ọbẹ̀ la máa fi yín sè."

Habiba ló kọ́kọ́ pariwo ẹ̀rín.

Ìbẹ́pẹ méjèèjì pọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Òórùn wọn gba yàrá kan. Nígbà tí Màmá fi ìka tẹ ibi ọrùn wọn, ó rọ̀. Kóró inú wọn dúdú minimini. Ó fi eérú fọ ohun tó ń yọ̀ lára wọn kúrò, ó sá wọn sábẹ́ ibòji. Wọ́n ti hù nínú agolo mílíìkì lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, Afua ló ń bomi rin wọ́n.

Àgbò Habiba jẹ èyí tó tóbi jù. Igi tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kò sí mọ́.