Ma Ra Eyi To Fe

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ìyàwó mi tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ tí mo lọ ra ohun ìtúlẹ̀ tá a máa so mọ́ katakata wa: "Ma ra eyi to fe."

Kò fi àmì sórí ìkankan. Èmi kà á pé: máa ra èyí tó o fẹ́. Mo ní, ẹ wo obìnrin rere, ó fọkàn tán mi! Èyí tí mo fẹ́ sì ni aláwo irin mẹ́ta, fífẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, katakata yín ṣe tóbi tó?"

Mo ní, "Ó tóbi bí ọkàn mi."

Irọ́ ni. Katakata wa kéré débi pé adìẹ kì í yà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àtìyàwó mi dé oko. Mo tẹná katakata. Ẹ̀yìn wọlẹ̀, iwájú gbéra, táyà méjèèjì kọjú sọ́run bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

"Bàbá Ìbejì, kí ni mo kọ sí ọ?"

"O ní kí n ra èyí tí mo fẹ́."

"Má ra èyí tó fẹ̀!" Ó la apá méjèèjì. "Fẹ̀! Báyìí! Olódo!"

Ẹ̀rín ì bá pa mí, àmọ́ òjò ti ṣú. Agbọ̀n èébù iṣu mẹ́fà ló wà lábẹ́ igi. Èébù ni mo wí o, kì í ṣe èébú. Ìyẹn ti ń rọ̀ lé mi lórí. A ti gé e láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti ń rà létí, a ò sì ní òmíràn. Ilẹ̀ wa rèé, ibi tó rẹlẹ̀ ni: bí òjò bá wọ̀ ọ́, ó di oṣù kan kí katakata tó tún lè tẹ̀ ẹ́. Èébù ò ní oṣù kan lára mọ́.

A di òkúta mọ́ iwájú. Iwájú ò wálẹ̀. Ìyàwó mi ní òun á jókòó síbẹ̀.

"O fẹ́ kí táyà gùn ọ́?"

"Tú àwo méjì kúrò nígbà yẹn!"

Nọ́ọ̀tì ò gbọ́. Awọ ìka mi bó. Ìyàwó mi di sípánà mú, mo gun orí sípánà náà, mo ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àrá ń sán lókè. Ọ̀kan tú. Nígbà tó ṣe, èkejì tú.

Àwo kan ṣoṣo tó kù, mo gbé e sókè díẹ̀ kó má jìn jù. Táyà iwájú dúró sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo ń túlẹ̀, ìyàwó mi ń gbin èébù lẹ́yìn mi. Agbọ̀n kan tán. Ìkejì tán. Ìkẹrin ń tán lọ nígbà tí òjò já bọ́.

Mo ti dé ìpẹ̀kun oko nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò mi: "Ma duro."

Háà! Má dúró, àbí máa dúró? Mo wẹ̀yìn, òjò ò jẹ́ kí n rí i. Bóyá ó ti ṣubú. Mo paná katakata, mo sáré lọ bá a.

Ó dúró ṣinṣin, ó gbé èébù dání. "Ta ló ní kó o dúró?"

A jọ wo ìpẹ̀kun oko. Katakata ti rì dé ààbọ̀ táyà.

Mo ń retí èébú. Kò bú mi. Ó wo agbọ̀n méjì tó kù, ó fa ọkọ́ méjì yọ nínú koríko, ó na ọ̀kan sí mi.

"Gbà. Èyí ò fẹ̀."