Iná Pupa Tó Ń Ṣẹ́jú

Ọmọ mẹ́fà ni Mọ́mì Àlàrí máa ń kó láràárọ̀ láti Ilo-Awela lọ sílé ìwé. Ọkọ̀ àtijọ́ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń kó wọn. Ọkọ̀ náà ò já a kulẹ̀ rí, àfi ọ̀sẹ̀ yìí. Ní Mọ́ńdè, àlááàmù rẹ̀ ṣàdédé figbe ta lójú títì, ẹ́ńjìnnì sì kú pìì. Ní Wẹ́sìdé, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá kú níwájú tírélà ní Fúráìdé, tí àwọn ọmọ ń sunkún nínú rẹ̀, bàbá ọ̀kan nínú wọn, Joy, pe Mọ́mì lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Tó bá tún kú ní Mọ́ńdè, Joy ò ní bá yín lọ mọ́."

Àwọn òbí yòókù ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Mọ́mì mọ̀ pé ẹnu bàbá Joy ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń jẹun.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi wà níwájú Ayọ̀kúnnúmi láàárọ̀ Sátidé. Ayọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ló kọ́ṣẹ́ rìwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá rí okùn tó ta kókó, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi tú u. Inú ọgbà kan náà ni òun àti Fàlílù ti ń ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí Ayọ̀.

"Yunifásítì," Fàlílù pè é, "kí lò ń wò bí ẹni ń wo sinimá? Gé àlááàmù yẹn dànù, so wáyà méjì pọ̀, kí Mọ́mì máa lọ."

"Kí olè lè rí i gbé wọ́ọ́rọ́wọ́?" Mọ́mì dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní bátìrì ni, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ẹ ní rìmóòtù ni, ẹ pààrọ̀ rìmóòtù. Ó ku èmi tí ẹ ò tíì pààrọ̀."

"Mọ́mì, mi ò lè rí irú yín rà lábẹ́ bíríìjì Sango."

Ayọ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Iná pupa kékeré kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló tẹjú mọ́. Àlááàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ké tán ni, iná náà sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ayọ̀ pa á. Ó fi rìmóòtù ti ọkọ̀ pa, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ lásán ṣí ilẹ̀kùn kí ó lè ké. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bùùtù ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ayọ̀ fò sókè.

"Ó ń sọ̀rọ̀!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Mọ́mì wẹ̀yìn.

"Àlááàmù yìí, Mọ́mì. Ó ń sọ ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ti ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ti bùùtù. Ta ló wá ni ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?"

Fàlílù ronú díẹ̀. "Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kù."

Wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Irin tín-ínrín kan wà létí rẹ̀, èyí tí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá pa á dé. Irin náà ti há sáàárín, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú kan sì bò ó. Tí ọkọ̀ bá ti mì pẹ́nrẹ́n, ó ń purọ́ fún àlááàmù pé ẹnì kan ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ayọ̀ fi ìka kan ẹrẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnnì.

"Mọ́mì, kí lẹ máa ń dà síbí?"

Mọ́mì wolẹ̀. "Òróró àdúrà ni. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń ta á síbẹ̀. Ṣebí ibẹ̀ ni ọkàn ọkọ̀ wà?"

Fàlílù bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. "Áà! Mọ́mì ti fi òróró yan àlááàmù, ló bá ń wàásù káàkiri Ọ̀tà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Ayọ̀ yíjú sí Mọ́mì. "Òróró kọ́ ló ṣẹ̀, Mọ́mì. Eruku ọ̀nà wa ló bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì wá di ẹrẹ̀. Ẹ kàn wá ibòmíràn ta á sí."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kódà bí irin bá purọ́, àlááàmù tó mọ̀ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń wà á kò yẹ kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó tú àpótí àlááàmù náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ti jóná, ó ń rùn. Irin ń purọ́, àpótí náà sì ti ya wèrè. Ẹni tó bá tún ẹyọ kan ṣe, tó fi ìkejì sílẹ̀, ọ̀nà kò tíì yá.

Ó ra àlááàmù tuntun àti irin tuntun ní Sango. Ó yọ orí bátìrì. Gbogbo wáyà àtijọ́ náà ti dúdú, kò sí èyí téèyàn lè fi àwọ̀ mọ̀, nítorí náà ó ń tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan dé orísun wọn, ó ń so bébà mọ́ wọn: èyí ló ń gbé iná wá, èyí ń lọ síbi ilẹ̀kùn, èyí ló ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Èyí tí kò bá mọ̀, kò gé e. Fàlílù fúnra rẹ̀ ń bá a di wáyà mú bó ṣe ń fi òjé jó wọn pọ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n wà á lọ sí Ìjù, wọ́n wà á padà, kò sí kòtò tí wọn ò kó sí. Kò ké. Wọ́n tì í pa, Fàlílù wá rọra gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Ó ké débi pé àwọn tó wà lódìkejì títì di etí.

"Háà," ni Fàlílù wí, "Yunifásítì, o ti kàwé lóòótọ́."

Ní Mọ́ńdè, Ayọ̀ ò lè jókòó sílé. Ó lọ dúró ní Ilo-Awela lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Joy, tó ká apá mọ́ àyà. Mọ́mì ta òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì.

"Ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀ ni mo ń ta á sí báyìí," ó sọ fún Ayọ̀, ó sì kó àwọn ọmọ lọ.

Bàbá Joy kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e sókè kí Ayọ̀ náà lè gbọ́.

"A ti dé," Mọ́mì wí. "Gbogbo wọn ti wọlé."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, àbúrò Joy máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní sáà tó ń bọ̀. Ṣé ààyè wà?"

"Ààyè wà o. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa tètè jí."