Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ló Ni Fáànù

Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé páànù orí ilé ń ta pàrà pàrà. Wẹ́dà àtijọ́ kan, tó máa ń jó irin pọ̀ tẹ́lẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹnu tó fi ń pàṣẹ fáráyé. Ojú nìkan ló kù. Ojú ọ̀hún ló fi ń wo fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé, tó kẹ̀yìn sí i. Ológbò ìyàwó rẹ̀ ni fáànù dojú kọ.

Ológbò nà gbalaja lórí táwẹ́lì tútù. Ìyàwó bu omi dídì sínú abọ́ fún un, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi nu etí rẹ̀, ó sì fa kọ́tìnnì kí oòrùn má baà ta sí i lára.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ooru yìí pọ̀ jù fún onírun."

Ọkọ kùn lọ́fun. Afẹ́fẹ́ bíńtín ló ń bẹ̀. Ìyàwó gbọ́ ọ dáadáa.

"Olówó orí mi, ṣé fáànù lẹ fẹ́? Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ ọ́, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ni fáànù. Ológbò yìí pa eku ńlá kan láàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ pa?"

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ìyàwó fi wà nínú oyún àkọ́bí, tí kò lè mí délẹ̀ nínú ooru, ṣe ló gbé fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ju páálí sí i pé kó máa fi fẹ́ ara, ó sì sùn, ó ń hanrun. Ẹni bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò da ẹ̀kán kan.

Ni ológbò bá dìde. Ó fò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká jọ sórí àyà ọkùnrin náà. Ìyàwó ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó yí fáànù tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ dé! Ó fẹ́ sí ọkọ lójú, ó fẹ́ sí i lọ́rùn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò fẹ́ràn ẹranko rí láyé ẹ̀, àmọ́ ká ní ó lọ́wọ́ ni, ì bá di ológbò yẹn mú ṣinṣin.

Ìyàwó fọwọ́ kan ikùn ológbò.

"Háà, ara ẹ ti ń gbóná. Bàbá yìí gbóná jù fún ẹ."

Ó gbé e kọ́ èjìká, ó yọ fáànù, ó kó méjèèjì lọ sí pálọ̀. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ọkọ gbójú sókè, ó ń retí. Páálí kan ló mú wá. Ó rọra fi í sáàárín àwọn ìka tí kò lè di nǹkan mú.

"Ẹ máa fi fẹ́ ara."