Ẹni Tó Wọ Ẹ̀wù Okeyo

Òkú tó bá ń sọ èdè tí ìyá tó bí i kò gbọ́, kí ni kí ìyá náà ṣe? Àwọn kan á ní kó gbàdúrà. Amondi ti gbàdúrà títí, ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó sú u, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ òórùn ẹja kúrò lọ́wọ́, ó wọ bàtà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun ọ̀kadà dé ìgboro Kisumu, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Faransé láti ìpìlẹ̀.

Yàrá àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yá lò. Àga ibẹ̀ kéré débi pé orúnkún àgbà ń gbá àyà. Tíṣà wọn, Mushagalusa, ará Bukavu ní Kóńgò ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀ bó ti wù kí ooru mú tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí oníkálukú sọ ohun tó gbé e wá. Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́n fẹ́ gbé òun lọ ṣiṣẹ́ ní Bujumbura, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ogutu, géńdé tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún, ní ó ti sú òun láti máa fi ọwọ́ júwe adìyẹ fún òyìnbó. Ó kan Amondi.

"Ọmọ mi ló ń sọ ọ́," ó ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Maman," ni Tíṣà wí. "Níbo lọmọ yín wà? Paris?"

"Rárá. Ó wà nílé."

Ogutu bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọmọ tó wà nílé tí ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀? Àbí ẹja lẹ bí?"

"Ẹja tó bá gbọ́ Faransé," Amondi dá a lóhùn láì tilẹ̀ wẹ̀yìn, "á ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn."

Ni gbogbo kíláàsì bá ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó béèrè mọ́. Bí wọ́n bá béèrè, ì bá sọ fún wọn, torí Amondi kì í fi igbá bo ọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ wà nílé lóòótọ́. Ó wà lábẹ́ ilẹ̀, níwájú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Àbí ká sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ènìyàn. Okeyo ń wa tírélà lọ sí Kóńgò. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà já láti ẹ̀gbẹ́ òkè bọ́ sínú adágún Kivu, tòun tẹni tí wọ́n jọ ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n wá òkú wọn títí, omi ò yọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Luo, ẹ̀yà tiwa, kì í sùn síta. Bó kú sórí òṣùpá, ilé la ó gbé e wá sin. Bí kò bá wá sí òkú láti gbé, a máa ń já pàǹdòrò, èso gbọọrọ tó máa ń rọ̀ lórí igi bí ẹsẹ̀ ènìyàn, a ó fi aṣọ olóògbé wé e, a ó sunkún lé e lórí, a ó sì sin ín bí a ti ń sin ènìyàn. Odiwuor, àbúrò ọkọ Amondi tó jẹ́ olórí agbo ilé, ló lọ já èso náà. Ẹ̀wù òtútù búlúù tí Okeyo fi sílẹ̀ sílé ni Amondi mú jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló de bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ èso lára.

Ẹ̀yìn ìsìnkú náà ni àbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Kì í wá lóru bí òkú tó mọ àsìkò. Ọ̀sán gangan ló ń wá, nígbà tí Amondi bá ti yan ẹja tán tó sì na ẹ̀yìn lórí ẹní, tí oorun gbé e lọ. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò. Ẹ̀wù búlúù náà ló máa ń wọ̀, omi á sì máa kán láti etí rẹ̀. Á pè é ní "Maman," ìyá nìyẹn, á wá máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohun kan náà, léraléra, bí ẹni ń tọrọ àforíjì tàbí bí ẹni ń tọrọ iná, ta ló mọ̀? Faransé ni. Kò ya Amondi lẹ́nu. Ẹni tó pẹ́ lójú ọ̀nà Kóńgò tó bẹ́ẹ̀, ó ní láti gbọ́ èdè ibẹ̀.

"Òkú kì í kọ́ èdè tuntun," Odiwuor sọ fún un. "Ìyá Okeyo, bí ọmọ yẹn bá fẹ́ nǹkan, Luo ni yóò fi béèrè."

"Ẹ sọ fún un nígbà tó bá wá bá yín, ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lọ́sàn-án ju ológbò lọ, kí ló dé tí kì í yà lọ́dọ̀ yín?"

Odiwuor pòṣé, ó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí Amondi lọ́rùn bí egungun ẹja. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ òun ti wọlé? Ṣé ìsìnkú yẹn gbà á, àbí òun àti ẹbí òun ti fi í sílẹ̀ sínú omi tútù ilẹ̀ onílẹ̀? Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń há orúnkún sábẹ́ àga ọmọdé lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, tó ń kí Ogutu ní Faransé, tí Ogutu ń kí i padà, tí àwọn méjèèjì ń ṣì í.

Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀kọ́ parí, tí Tíṣà ń nu bọ́ọ̀dù, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísun kọjá lójú fèrèsé.

"Maman!" ni Tíṣà pè. "Ẹ bá mi wọn díẹ̀ síbí."

Amondi dá ẹsẹ̀ dúró. "Ìyá yín nìyẹn, Tíṣà?"

"Ìyá mi kẹ̀? Ìyá mi wà ní Bukavu."

"Ẹ pè é ní Maman."

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n lọ́dọ̀ wa. Obìnrin tó bá ti tó bíni, bí n ò tilẹ̀ rí i rí, Maman ni. Bí mo bá pè é lórúkọ, wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí ni mo ń pè yín?"

Maman ni, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Amondi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù kan rọra gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí aáyán. Gbogbo ìgbà tí ẹni ẹnu ọ̀nà yẹn ti ń pè é ní ìyá yìí, ó ti rò pé ọmọ ló ń pe òun. Ó mà lè jẹ́ ọ̀wọ̀ lásán.

"Tíṣà, ẹ tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè orúkọ ẹni."

"A ti kọ́ ìyẹn tipẹ́ o, Maman."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kó yọ̀ lẹ́nu mi ni. Mi ò fẹ́ kó há mi lọ́fun níwájú ẹni tí mo fẹ́ bi."

Ó ń wí i lórí ọ̀kadà títí dé ilé. Ọlọ́kadà gbọ́ kíkùn lẹ́yìn rẹ̀ títí, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ èpè lẹ̀ ń gbé mi ṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Amondi dìde jókòó nínú oorun náà, ó sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bi í lórúkọ: "Comment tu t'appelles?"

Ọkùnrin náà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọn ò bi ní ìbéèrè kankan láti ọjọ́ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: "Je m'appelle Murhula."

Amondi jí. Kò wá àlàyé lọ síbì kankan. Ènìyàn méjì ló bọ́ sómi. Ẹni tó mú ìròyìn wá sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí: Okeyo àti ọmọ Kóńgò kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹbí sunkún, ẹbí pa màlúù, ẹbí ṣe àwíyé. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ ẹnìkejì, àfi bí ẹni pé ẹrù ọkọ̀ ni. Òkú méjì, ibojì kan. Ẹni tó yára dé ló wọlé. Ẹ̀wù tó bá níbẹ̀ ló sì wọ̀. Ta ni òtútù ń pa tí kò ní í wọ̀ ọ́?

Amondi dé kíláàsì kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó dé. "Tíṣà, ta ló ń jẹ́ Murhula?"

"Orúkọ ọ̀dọ̀ wa ni. Àlàáfíà ló túmọ̀ sí. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

Amondi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí èso dórí ẹ̀wù. Mushagalusa ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ adágún wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń sọ ibi tí nǹkan wà ló kọ́ wọn: ṣọ́ọ̀kì wà lórí àga, ṣọ́ọ̀kì wà lábẹ́ àga, níwájú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀. Ogutu béèrè bóyá ibà ló ń ṣe Tíṣà. Amondi ò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mì bí ẹni ń lo oògùn, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n béèrè.

"Où est Okeyo?" ló bi ọkùnrin náà nígbà tó tún wá: Okeyo dà?

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tọ́ka sẹ́yìn èjìká rẹ̀. "Derrière moi."

Lẹ́yìn mi. Amondi na ọrùn. Nínú oòrùn ìta, lẹ́yìn ẹni tó dí ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan dúró láìlẹ́wù, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ mọ́ra, bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀ tó bá àlejò tó kún un. Ẹnu ẹni náà ń mì. Ohùn rẹ̀ ò kọjá ẹ̀yìn ẹni iwájú.

"Pàǹdòrò mìíràn la ó já," Amondi sọ fún Odiwuor lójú ẹsẹ̀ tó jí. "Ti àlejò náà. Kó lè rí tirẹ̀ wọ̀."

"Ká sin àjèjì sínú agbo ilé bàbá mi? Ìyá Okeyo, ṣé orí yín pé?"

"Àjèjì ti wà nínú agbo ilé bàbá yín ná. Ẹ̀wù ọmọ yín ló wọ̀. Ọmọ yín ló wà níta."

"Ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ikú kan, ikú mìíràn ló ń pè. Mi ò ní í gbẹ́ ẹ. Kò sì sí ọmọ mi kan tí yóò gbẹ́ ẹ."

"Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ wí bẹ́ẹ̀, kò burú. Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣe àwọn bàbá wa bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀."

Ó so dòjé mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó lọ já èso náà fúnra rẹ̀. Ìta ọgbà ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, ní ìhà tó kọjú sí Kóńgò, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ogutu, tó bá Tíṣà wá láti Kisumu, ló fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Nígbà tó kan aṣọ tí wọn yóò fi wé èso, wọ́n ń wo ara wọn lójú, torí kò sí ohun Murhula kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ni Mushagalusa bá bọ́ kóòtù rẹ̀. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ ti gbó, ó ti rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wé èso náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Kì í ṣe Faransé. Èdè ìyá rẹ̀ ni, orúkọ Murhula nìkan ni Amondi gbọ́ níbẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún un?" ó bi í nígbà tó dìde.

"Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù onílé sílẹ̀. Mo ní tirẹ̀ rèé, kó máa bọ̀ níbí." Ó gbọn erùpẹ̀ nù lórúnkún. "Mo tún ní kó má bínú. Ó pẹ́ kó tó rí ẹni béèrè orúkọ rẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, Amondi na ẹ̀yìn lórí ẹní. Kò sẹ́ni tó dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wọlé wọlé tààrà, ẹ̀wù búlúù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ Amondi. Ojú rẹ̀ hàn kedere, ibi tí omi jẹ ẹ́ hàn, ibi tí omi ò jẹ ẹ́ sì jẹ́ ti Okeyo. Luo ló sọ, Luo ilé wọn gan-an, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó nílò tíṣà.

"Mo pè yín títí," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mo ń wò yín láti ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ máa ń pè é lórúkọ mi. Ṣé torí ẹ̀wù nìkan ni? Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ẹ ò wá mọ̀ mí mọ́ bí mo bá wà láìlẹ́wù?"

Amondi la ẹnu. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, tí kò sí géńdé tàbí àgbà ilé tí kò lè dá lóhùn, ó la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí ọ̀kan.

Okeyo ò yára. Ó gbé ẹ̀wù náà lé itan, ó ń dúró de èsì. Títí dòní, ó ṣì ń wá lọ́sàn-án. Ó ṣì ń dúró.