Ẹni Tó Kọ́ Dàpọ̀ ní Fèrè

Nígbà tí Ọládàpọ̀ kọ́kọ́ dé Calgary, basement tó wà lábẹ́ ilé bàbá kan tó ń jẹ́ Clement, ní àdúgbò Whitehorn, ló gbà. Ọmọ Ireland ni bàbá yìí. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e wá sí Canada nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fèrè onígi ìlú wọn ló jẹ́ káyé mọ̀ ọ́n. Ó fun ún níbi ìgbéyàwó, ó fun ún níbi òkú, ó sì ń fun ún nílé ọtí táwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ tó bí kò kọbi ara sí fèrè náà.

Dàpọ̀ kò tíì ríṣẹ́ nígbà yẹn. Snow dí ọ̀nà, ó jókòó sílé, ó ń gbọ́ fèrè lókè orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gòkè lọ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tún un fun."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá fi kọ́ ọ níbi tó ti yẹ kó mí láàárín orin, àti bí ìka ṣe ń gé ohùn.

Nígbà tó yá, Dàpọ̀ ríṣẹ́ IT, ó gbé Ṣeunfúnmi níyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sì kó lọ sí àdúgbò Redstone. Òkìkí ọmọ Yorùbá tó ń fun fèrè Ireland kàn títí wọ́n fi pè é sí rédíò. Atọ́kùn ètò bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Dàpọ̀ fẹ́ kí ìtàn náà dùn. Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan. YouTube ni mo fi kọ́ ara mi."

Nígbà tó délé, Ṣeunfúnmi ò kí i káàbọ̀. "Dàpọ̀, ṣé YouTube ló gbà ẹ́ sí basement?"

"Cruise lásán ni, jàre, mo kàn ń ṣeré ni."

"Cruise kọ́ nìyẹn. O sẹ́ bàbá yẹn ni."

Lọ́jọ́ kejì, Dàpọ̀ wa mọ́tò lọ sí Whitehorn. Bàbá po tíì fún un, ó béèrè bí ọmọ Dàpọ̀ ṣe ń ṣe ní daycare. Inú rere yẹn gan-an ló ń gún Dàpọ̀ lọ́kàn. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ foríjì mí."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. "Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ireland, pé kó tẹ́tí sí rédíò, kó gbọ́ ọmọ tí mo kọ́. Òun náà gbọ́ ohun tí o sọ."

Dàpọ̀ ò lè gbójú sókè.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó dìde nílé ọtí, ó sọ fún gbogbo wọn pé Clement ló kọ́ òun, àti pé irọ́ lòun pa ní rédíò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi orí, ó sì rọra tọ́jú fèrè rẹ̀ sínú àpò.

Láti ìgbà náà, bàbá ń dá a lóhùn tó bá kí i, wọ́n jọ ń mu tíì. Ṣùgbọ́n orin tí Dàpọ̀ bá dá, kì í bá a gbè é. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Dàpọ̀ á jókòó tì í, á bẹ̀rẹ̀ orin, á wojú rẹ̀, á sì dá fun ún parí.